Bàbá Ọlọ́dẹ, Ẹ Wá Jẹun

Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn mìíràn tó ti Ìlú Ọba dé máa ń gbé rédíò aláriwo wọn sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ní tiwa ni páìpù dúdú kan tó gùn tó apá ọmọdé, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lẹ́nu rẹ̀, tí wáyà sì ń rọ̀ dirodiro nídìí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá Yétúndé, kí lèyí? Ṣé póńpù kẹ̀kẹ́ ni?" Màá ní rárá, ẹni tó bá wa darí ọkọ̀ láti Ìlú Ọba ni. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wo ìyàwó mi bóyá yóò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé, "Ẹ má fojú di í o. Ó ṣiṣẹ́."

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, mo mọ̀ pé ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Lásìkò tí owó epo dé yìí, tí gbogbo ẹni tó lọ sókè òkun ń kó mọ́tò bọ̀ wálé bí ẹni ń kó iṣu tí oko bọ̀, èmi gbé ọkọ̀ onígbòkun kékeré wá. Alhájì onílé wa, ọmọ Abẹ́òkúta tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bi mí lójú gbogbo ayálégbé pé, "Níbo lo fẹ́ so ó mọ́? Ṣé inú kànáà Òkè-Àfà ni?" Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti sọ bó ṣe rí gan-an, kí n lè sinmi lẹ́nu yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kó lọ wo máàpù. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ sọ.

*Ìdí tí a ò fi wọ bàálù*

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ sí i ní Ìlú Ọba. Ìyá Yétúndé, ìyàwó mi, bá mi lọ. A fi ọmọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìkéré. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, Màmá Ìkéré gbé ìkòkò irin kan fún un, dúdú, ó wúwo bí òkúta. Ó ní, "Ibi tí o bá ti gbé e kaná, ibẹ̀ nilé."

Ṣùgbọ́n a ò rí ilé gbé ní Ìlú Ọba. Iṣẹ́ òru ni tèmi, iṣẹ́ ojúmọmọ ni tirẹ̀, ó ń tọ́jú aláìsàn. Ẹnu ọ̀nà la ti ń ríra: bí mo ṣe ń wọlé ni òun ń jáde. Òun á bo oúnjẹ sílẹ̀ dè mí, èmi náà á bo tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, a ò jọ jókòó ti oúnjẹ kan. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Lọ́jọ́ kan tí àyè gba àwa méjèèjì, mo wò ó bó ṣe ń jẹun, mo sì rí i pé kì í jẹ ata mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó jáwọ́. Ẹ̀rù bà mí, àní ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyàwó tó ń fi ata jíjẹ dẹ́rù bà mí nígbà tí mo fẹ́ ẹ!

Bí a bá wọ bàálù, ilẹ̀ kan ò ní ṣú kó tún mọ́ tí a ó fi dé Èkó, a ó sì délé bí àlejò sí ara wa. Mo ti ń bá àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wa lọ sójú omi lọ́jọ́ Sátidé láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun, mo sì ti ní ọkọ̀ kékeré kan tí arúgbó kan gbé sílẹ̀ fún mi. Lóòótọ́, ọmọ Èkìtì ni mí, orí òkè ni wọ́n bí mi sí, odò tí mo mọ̀ ní kékeré kò ju èyí tí èèyàn lè fò kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ti dáwọ́ lé, n kì í fi í sílẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ojú omi la ó gbà lọ sílé.

Ó ro ó wò, ó wá ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan igi tí ẹ fi ń darí ọkọ̀ yẹn láé. Ìyẹn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, a gbọ́dọ̀ máa jọ jẹun. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa di igi mú, tí èmi ó sì máa dá jẹun bí mo ṣe ń dá a jẹ níbí, Bàbá Yétúndé, bàálù ni màá wọ̀."

Àdéhùn tí a ṣe nìyẹn.

*Yíyan ẹ̀rọ atọ́kọ̀*

Ọkọ̀ onígbòkun kì í dá rìn. Ọ̀pá kan wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tì í, kó máa fà á, lọ́sàn-án àti lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á yí ojú síbi tó wù ú. Àwa méjì ni, ẹnìkan nínú wa sì ti ní òun ò ní fọwọ́ kan án. Ẹ̀rọ ló kù.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú etíkun. Ọkùnrin tó ni ín jẹ́ onípẹ̀lẹ́, ó dá mi lóhùn láìkánjú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàrin. Ó ń jẹ, ó ń wò wá lójú, ó tún ń jẹ.

Ìyàwó mi fi Yorùbá sọ pé, "Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ pè wá."

Mo ní, "Wọn kì í pe èèyàn níbí."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti mọ̀. Ara mi ò kàn gbà á ni."

Oríṣi méjì ni ọkùnrin náà kó jáde. Èkíní dà bí abẹ̀bẹ̀ pákó tí wọ́n kàn mọ́ ìdí ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í jẹ iná. Èkejì ni páìpù dúdú tí ẹ rí lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Kọ́ńpáàsì, ohun tó ń mọ ibi tí àríwá wà, wà nínú rẹ̀. A ó fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀, a ó fi ojú ọ̀nà hàn án, bí ọkọ̀ bá sì yà, yóò ti ọ̀pá tàbí kó fà á títí ọkọ̀ yóò fi padà sójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà ní gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn ló ń mú abẹ̀bẹ̀.

Mo ní èmi ò mú un. Afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà lójú oorun yín, ọkọ̀ á bá a yí, ẹ ó sì jí sójú ọ̀nà Bùràsíìlì. Mo tún ti gbọ́ pé lápá ilé wa, afẹ́fẹ́ òkun máa ń sùn bí ẹni tó jẹ iyán yó. Kí ni abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Àmọ́ iná, iṣẹ́ mi ni. Lóòótọ́, páìpù náà ń jẹ bátìrì, a ó sì máa tan ẹ́ńjìnnì kékeré inú ọkọ̀ láti fi bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé Ìsọlọ̀, tó ti mọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sí ohun tí bátìrì fẹ́ fi dẹ́rù bà á.

Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún mi pé irin kankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, torí irin máa ń ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà. Mo gbọ́. Gbogbo sípánà, gbogbo òòlù, títí dórí ìṣó, mo kó wọn lọ sí iwájú ọkọ̀ pátápátá.

Ìyàwó mi ló sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Ó ní kò ní sùn lóru, kò ní sùn lọ́sàn-án, ọlọ́dẹ ni. Bàbá Ọlọ́dẹ.

*Bàbá Ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́*

A kúrò ní Ìlú Ọba nígbà tí ewé igi wọn ń pọ́n. Èébì la fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, òkun kì í ṣe ọ̀sà. Ọ̀sà máa ń mi ọkọ̀. Òkun á gbé e sókè, á tún jù ú sílẹ̀, bí ẹni ń fi atẹ fẹ́ ẹ̀wà. Nínú gbogbo rẹ̀, Bàbá Ọlọ́dẹ ń ṣiṣẹ́. Hùùn, ó tì í. Ó dákẹ́. Hùùn, ó fà á. Bí ara bá ń ni mí tó, tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀.

Mo tètè kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Kì í ṣe alágbára, ẹni tó bá fi iṣẹ́ alágbára bọ̀ ọ́ lọ́rùn á pa á. Kí n tó fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ìka méjì ni mo máa ń fi di ọ̀pá mú. Bí ìka méjì bá lè darí ọkọ̀, Bàbá Ọlọ́dẹ náà á lè ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo mọ̀ pé ìgbòkun ti pọ̀ jù, màá ká díẹ̀ kúrò. Bí ìgbì ńlá bá sì ń lé wa láti ẹ̀yìn, èmi fúnra mi ni mò ń dì í mú, torí ẹ̀rọ kì í rí ìgbì tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá ti gbá ọkọ̀ ló tó mọ̀.

Lọ́jọ́ tí inú wa kọ́kọ́ gba oúnjẹ, Ìyá Yétúndé dáná. Ìrẹsì ni, nínú ìkòkò Màmá Ìkéré. Ó gbé ìkòkò jáde wá sídìí ọkọ̀ níbi tí à ń jókòó sí, ó fẹ́ bu oúnjẹ, ló bá dúró. Ó ń wo Bàbá Ọlọ́dẹ.

Ó ní, "A ò kúkú lè máa jẹun lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìpè é."

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Yétúndé."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dà bí ọkùnrin oníbúrẹ́dì yẹn?" Ó gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tẹríba díẹ̀. "Bàbá Ọlọ́dẹ, ẹ wá jẹun."

Ó dákẹ́ bí ẹni ń retí kó dáhùn pé "Á gba ibi ire". Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti pa mí lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo bu ìrẹsì.

Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ìgbòkun bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbà-gbà-gbà. Ọkọ̀ ti yí ojú síbi tí a kò rán an. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo tú Bàbá Ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀pá, mo fi ọwọ́ ara mi dá ọkọ̀ padà, mo sì ń dì í mú títí ìyàwó mi fi jẹun tán tó palẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo tún fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ó lọ tààrà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ bátìrì wò, mo wá irin tọwọ́tẹsẹ̀, kò sí irin kankan nítòsí rẹ̀. Ó ṣe tán, ẹ̀yìn oúnjẹ ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ìkòkò ti padà sí àyè rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ìgbà oúnjẹ nìkan ni. Ó ní, "Inú ń bí i. Àwa ń jẹ, òun ń ṣiṣẹ́. Inú ta ni kò ní bí?" Eré ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n lójú agbami, eré kì í pẹ́ kó tó di òótọ́. Ó wá túbọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó sún ìkòkò mọ́ ọn sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Bí a ṣe ń pọ́n ọn lé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣi ọ̀nà tó.

Ni a bá padà sí bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun á jẹun lọ́wọ́ gbígbóná, èmi á di igi mú. Tó bá ṣe, èmi á jẹ tèmi tó ti tutù, òun á ti lọ sùn. Omi yí wa ká, ó sì dà bíi pé ẹnu ọ̀nà yẹn la ṣì wà.

*"Ọ̀gá yín dà?"*

Ẹni tí kò bá tíì kúrò lórí ilẹ̀ rí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ní òórùn. Kí a tó fojú rí Las Palmas, ìlú èbúté tí a ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀, ni imú wa ti gbọ́ ọ: erùpẹ̀, èéfín, ẹja díndín. Òkè pupa kan yọ lójú omi, èmi ọmọ òkè sì kí i.

Òṣìṣẹ́ èbúté kan wá bá wa, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ni ọkọ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní rárá, ọ̀gá mi lòun ń béèrè. Mo ní èmi ni ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ orí wo inú ọkọ̀, ó ń wá òyìnbó tó sá pa mọ́ síbẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gún un lára.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ fi Bàbá Ọlọ́dẹ hàn án, kó jẹ́ ká ríran."

Mo nàka sí páìpù. Mo ní, "Ọ̀gá nìyẹn. Òun ló gbé wa dé." Ọkùnrin náà wo páìpù, ó wò mí, ó tún wo ìyàwó mi tí kò rẹ́rìn-ín rárá, ẹ̀rín wá pa òun fúnra rẹ̀. Ó buwọ́ lu ìwé wa.

Àwọn òyìnbó tó so ọkọ̀ wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa kí wa dáadáa, wọ́n pè wá wá mu nǹkan nírọ̀lẹ́. A múra, a dé ibẹ̀, ìyàwó ẹni tó pè wá bi wá pé kí la gbé wá tí a ó mu. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará ilé! Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ kí n má baà sọ̀rọ̀. Wọn ò ni wá lára o, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì tún bá mi yẹ wáyà wò lọ́jọ́ kejì tọkàntọkàn. Wọn ò rí nǹkan kan. Ta ni yóò rí i? Nínú èbúté, ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀ la ti ń jẹun.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Ìyá Yétúndé bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ti bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé ó ti parí èrò. "Bàbá Yétúndé, tó bá ṣì ń ṣe báyìí títí a ó fi dé Dakar, bàálù tó ń lọ Èkó wà níbẹ̀. Ẹ má bínú. Mo ti dá jẹun tó."

*Dakar*

Ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Dakar.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí nígbà tí a wọ èbúté náà. Gbogbo ojú tí mo rí dà bí ojú ará Òṣòdì. Mo fẹ́ pariwo pé a ti délé. Mo kí ọkùnrin kan, ó fi Faransé dá mi lóhùn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan, òun náà ò gbọ́ tèmi. Láàárín àwọn òyìnbó, ó rọrùn láti jẹ́ àjèjì, ara wa ti mọ́ ọn. Láàárín àwọn tó jọ mí, ó dùn mí.

Létíkun, níbi tí àwọn apẹja ti ń fa ọkọ̀ gòkè, obìnrin kan tó ń jẹ́ Aminata jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ yí abọ́ pákó ńlá kan ká. Ìrẹsì àti ẹja ló wà nínú rẹ̀, odidi ata sì jókòó sórí rẹ̀. A kàn ń kọjá lọ ni. Ó gbójú sókè, ó rí wa, ó sì fi ọwọ́ lu iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pó, pó, pé ká jókòó. Kò mọ̀ wá rí.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n pè wá."

A jókòó. Ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń jẹ, mo rí ọwọ́ ìyàwó mi tó nà gun orí ìrẹsì, tó já ata náà sí méjì, tó gbé e sẹ́nu. Mo kàn ń wò ó.

Síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó lọ bá àwọn oníbàálù, wọ́n fún un láyè. Ó bi mí bóyá màá bá òun lọ. Mo ní mi ò ní fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ kì í fi nǹkan sílẹ̀." Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe ìyìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, mo jókòó nídìí ọkọ̀ níbi tí a so ó mọ́, mo tan Bàbá Ọlọ́dẹ, mo ń wá àrùn rẹ̀. Kò mira, torí ọkọ̀ kò lọ síbì kan. Ìyàwó mi ń di ẹrù. Ó gbé ìkòkò Màmá Ìkéré jáde láti wá fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó gbé e sínú báàgì. Ó wúwo, nítorí náà ó gbé e kalẹ̀ díẹ̀ láti mí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e sí, níbi tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

Hùùn. Bàbá Ọlọ́dẹ na ọ̀pá rẹ̀.

A jọ wò ó. Ìyàwó mi gbé ìkòkò kúrò. Hùùn, ó fà á padà. Ó gbé e síbẹ̀, ó nà á. Ó gbé e kúrò, ó fà á padà. Ó tún un ṣe títí mo fi ní ó ti tó.

Mo ní, "Irin ni. Ìkòkò ni irin tí mò ń wá."

Ó jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé bí mo ṣe ń pè é wá jẹun yẹn, ni mò ń ṣì í lọ́nà?"

"Ìwọ nìkan kọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń bu ìrẹsì nínú rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún, mi ò sì mọ èyí tí màá bá a ṣe nínú méjèèjì. Ibẹ̀ la wà tí Aminata fi wa ọkọ̀ ẹja dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ti gbọ́ pé ìyàwó mi ń lọ, ó gbé oúnjẹ ìdágbére wá, nínú abọ́ pákó. Ó gun orí ọkọ̀, ó wá ibi tí yóò gbé abọ́ sí, kò rí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọlọ́dẹ.

Èmi àti ìyàwó mi yíjú sí i. Ẹ̀rọ náà ò mira.

Ìyàwó mi nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́dẹ, ẹ wá jẹun." Aminata wo páìpù náà, kò béèrè nǹkan kan, òun náà fi ọwọ́ lu ìjókòó, pó, pó, ó pè é. A jẹun. Nígbà tí a jẹ tán, ìyàwó mi gbé báàgì rẹ̀, ó sọ ọ́ padà sísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ bá mi bi í bóyá ó lè ta abọ́ yìí fún wa." Aminata kọ̀, kò tà á. Ó fún wa ni.

*Omi ilé*

Láti Dakar, iwájú ọkọ̀ ni ìkòkò Màmá Ìkéré ń gbé, láàárín òòlù àti sípánà. Abọ́ pákó la fi ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ọlọ́dẹ, ó sì ń tọ́ ọkọ̀ lọ tààrà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gba ojú omi nìyẹn: a jọ jẹun. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a jọ jẹun. Ó sọ fún mi nípa àwọn aláìsàn tó kú sí i lọ́wọ́ tí kò ráyè sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi sọ tèmi. Àwọn ìgbà mìíràn a ò sọ nǹkan kan, a kàn ń jẹ. Afẹ́fẹ́ sùn gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, a tan ẹ́ńjìnnì, Bàbá Ọlọ́dẹ ò sì mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tí a yí kọ́nà síhà ilé, òjò ńlá kan bá wa, àrá ń sán lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó dá, Bàbá Ọlọ́dẹ ò dún mọ́. Omi ti wọ inú rẹ̀. Mo tú u, mo sá a sóòrùn, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Iná inú rẹ̀ ti jó. Mo di ọ̀pá mú, mo ní kò burú, ọwọ́ mi ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ilé ti gbàgbé mi, ó wá rántí mi ní Dakar. Ibà gbé mi. Ara mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú mi. Ìyàwó mi wò mí, ó ní kí n dìde.

Mo ní, "Ìwọ lo sọ pé o ò ní fọwọ́ kan án láé."

"Bàbá Ọlọ́dẹ ti sùn, ẹ̀yin náà ń gbọ̀n. Ta ló kù? Ẹ dìde, ẹ lọ lo oògùn yín."

Mo dìde. Mo gbé kọ́ńpáàsì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó, mo fi ojú ọ̀nà hàn án, mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò jẹ́ kí n kọ́ òun. Ó tì í díẹ̀, ó dúró. Ó fà á díẹ̀, ó dúró. Èmi máa ń bá ọ̀pá yẹn jìjàkadì. Òun kò bá a jà rárá. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló ti ń wo Bàbá Ọlọ́dẹ níbi iṣẹ́, òun ló sì kọ́ ọ. Mo sùn.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ tí mo tún jáde, ilẹ̀ ti mọ́, ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú omi, a ò rí etíkun. Ohun tí a rí ni ọkọ̀ ńláńlá tí wọ́n ń yọ jáde nínú ọyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ súà, gbogbo wọn ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n ń dúró de àyè láti wọ Èkó. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé ní Òṣòdì tí ẹ ń sunkún sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì yín wà. Àwọn awakọ̀ tó ti sá aṣọ sórí irin ọkọ̀ wọn ń wò wá láti òkè, wọ́n ń juwọ́ sí ìyàwó mi. Kò ráyè wọn. Ó ń gba àárín wọn kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n, gèlè rẹ̀ ti tú, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ọ̀pá.

Mo wo obìnrin náà, ìfẹ́ rẹ̀ gbọ̀n mí ju ibà lọ. Mo lọ dáná. Mo rò ó pé ọjọ́ tí a ó wọlé kì í ṣe ọjọ́ abọ́ àlejò, nítorí náà mo lọ sí iwájú ọkọ̀, mo gbé ìkòkò Màmá Ìkéré jáde. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó kù, mo sì fi ata sí i dáadáa. Mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo tẹríba.

Mo ní, "Ìyá Yétúndé, ẹ wá jẹun."

Kò gbójú kúrò lọ́nà.

Ó ní, "Á gba ibi ire. Ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì mi."

Mo gbé e kúrò. Mo jókòó sí òdìkejì pẹ̀lú ìkòkò lórí itan mi, mi ò fẹnu kan ìrẹsì náà títí ó fi tọ́ wa wọ Èkó, ká lè jọ jẹ ẹ́.